Pápá Gọ́ọ̀fù Tí Ìlú Ní àti Ìgbìmọ̀ Tí Ó Ń Ṣọ́ Ọ

Méjì ni ewu tí ó máa ń wà lórí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ní. Èkíní ni pé kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú rẹ̀, nítorí pé oníkálukú gbà pé ẹlòmíràn yóò ṣe é; èkejì ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo sọ ọ́ di tirẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó rántí láti tọ́jú rẹ̀. Ewu méjèèjì yìí hàn gbangba lórí pápá gọ́ọ̀fù tí ó jẹ́ ti ìlú, nítorí pé díẹ̀ ni eré ìdárayá tí ó ń gba ilẹ̀ tó o: pápá tí ó ní ihò 18 lè gba hẹ́kítà 50 sí 60, nígbà tí pápá bọ́ọ̀lù kan kì í tó hẹ́kítà kan. Ní ìlú bí Onitsha ní Ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí odò Ọya ti dí ìlú ní apá kan, tí ọjà sì ti sọ ilẹ̀ di ohun tí ó wọ́n gógó ní apá yòókù, ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún ará ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò máa bá wọn ṣọ́ ọ. Èrò àròkọ yìí ni pé ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yàn láàárín ara wọn ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, ṣùgbọ́n kò lè yege àyàfi bí ó bá mọ̀ pé ìpamọ́ ni ilẹ̀ náà jẹ́ lọ́wọ́ òun, àti pé lẹ́yìn ìpamọ́ yìí ni ìtọ́jú koríko tó kàn.

Gọ́ọ̀fù ni eré tí ènìyàn ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi wọ inú ihò, tí ẹni tí iye ìgbá rẹ̀ bá kéré jù lọ a sì borí. Ìbú ihò náà kò ju mìlímítà 108 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jìnnà ju mítà 400 lọ sí ibi tí a ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Gíríìnì ni a ń pe ojú ilẹ̀ tí ó yí ihò ká, níbi tí wọ́n ti ń gé koríko kúrú gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa ṣí ihò kiri lórí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ àwọn aṣeré má bàa tẹ ojú kan ṣoṣo pa. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé omi a máa ṣọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ pápá ni kò gbin koríko sí àyíká ihò rárá. Iyanrìn ni wọ́n pò mọ́ òróró, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní bráùn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Bí àwọn aṣeré bá ti kúrò níbẹ̀, kádì, ìyẹn ẹni tí ó ń bá aṣeré ru àpò ọ̀pá, a fa ohun fífẹ̀ kan kọjá lórí iyanrìn náà títí ipa ẹsẹ̀ gbogbo yóò fi parẹ́, gẹ́gẹ́ bí babaláwo ṣe ń tẹ́ ìyẹ̀rosùn sí ojú ọpọ́n kí ó tó tún tẹ odù mìíràn. Owó bráùn kò pọ̀, ṣùgbọ́n òróró tí ó bá rin inú ilẹ̀ lè ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Gíríìnì kò ní àléébù yìí, ṣùgbọ́n ó nílò omi, ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá dá yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ìfẹ́ ara rẹ̀ ni yóò yàn. Ìgbìmọ̀ ni ó lè gbé owó, omi àti ọjọ́ iwájú sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Kápútẹ́ẹ̀nì ni olórí rẹ̀, igbákejì rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e. Akọ̀wé wà fún ìwé, akápò wà fún owó, ẹnì kan wà fún ìdíje, ẹlòmíràn fún ojú pápá, àwọn obìnrin a sì máa ní kápútẹ́ẹ̀nì tiwọn. Iṣẹ́ tí ó dàbí ẹni pé ó kéré jù lọ láàárín wọn ni ti ẹni tí ó ń tọ́jú hándíkàpù, ìyẹn òǹkà tí a fi ń dín iye ìgbá aṣeré tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá kù, kí òun àti ọ̀jáfáfá lè jọ díje. Láti ọdún 2020 ni ọ̀nà ìṣirò kan náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà fún gbogbo ayé, òǹkà tí ó ga jù lọ nínú rẹ̀ sì ni 54. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò ti wù kí ó péye tó, ẹ̀rí ọkàn ni ó gbé e dúró, nítorí pé aṣeré fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ iye ìgbá rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ gbá a sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá gbé òǹkà rẹ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ yóò máa gba ẹ̀bùn tí kò tọ́ sí i. Ibí yìí ni a ti ń mọ ìgbìmọ̀ tí ó ní ìgboyà, nítorí pé ìgbìmọ̀ tí kò bá lè sọ fún olówó àárín rẹ̀ pé òǹkà rẹ̀ kò tọ́, kò ní lè sọ fún un pé owó ẹgbẹ́ tí ó ná kò tọ́.

Ìlú St Andrews ní Skọ́tíláǹdì ni ìtàn irú pápá bẹ́ẹ̀ ti gùn jù lọ. Ní ọdún 1552, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà John Hamilton fọwọ́ sí ìwé kan tí ó gbà fún un láti máa sin ehoro lórí ilẹ̀ etíkun ìlú náà, ṣùgbọ́n tí ó fi ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti máa ṣeré gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù níbẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí wà fún ohun tí ó lé ní igba ọdún, títí gbèsè fi wọ ìgbìmọ̀ ìlú lọ́rùn, tí wọ́n sì ta ilẹ̀ náà ní ọdún 1797. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń sin ehoro, ehoro gbẹ́ ihò káàkiri pápá náà, àwọn ará ìlú àti àwọn oníṣòwò náà sì bá ara wọn fa ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1821 ni James Cheape, ẹni tí ó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, ra ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọdún 1894 ni òfin ilé aṣòfin tó dá a padà fún ìlú. Òfin mìíràn tí ó jáde ní ọdún 1974 gbé àjọ kan kalẹ̀ láti máa di ilẹ̀ náà mú fún ará ìlú, ìgbìmọ̀ alákòóso sì wà lábẹ́ àjọ náà, nínú èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ńlá ìlú náà ti ń yan ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ níbẹ̀ kò ní ilẹ̀ náà. Aṣeré lásán ni òun pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Ní ọjọ́ Àìkú, pápá tí ó lókìkí jù lọ máa ń wà ní títì fún eré, àwọn ará ìlú a sì máa rìn lórí rẹ̀ bí ó ti wù wọ́n.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe kókó. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó gba ilẹ̀ St Andrews lọ́wọ́ ìlú, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n pa á mọ́ ni wọ́n jẹ gbèsè tí wọ́n sì tà á, ó sì gba ìlú ní ohun tí ó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún láti rí i gbà padà. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ tí ó bá ń yá owó láìsí ìpinnu ìpàdé gbogbogbòò ti ń ta ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kódà bí kò tíì sí ẹni tí ó wá rà á.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni pápá gbà wọlé. Ikoyi Club ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1938 tí ó sì gba ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Èkó mọ́ra, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn ní ọdún 1947, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní London. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e mú kí Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Ìgbìmọ̀ lè pé, ìwé rẹ̀ lè mọ́, owó rẹ̀ lè pé, síbẹ̀ kí ó má jẹ́ ti ìlú, bí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá há mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú. Lónìí, kì í ṣe àwọ̀ ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn bí kò ṣe owó ìwọlé, àwọn tí wọ́n bá sì ń pe pápá wọn ní ti ìlú gbọ́dọ̀ dáhùn bí ọmọ oníṣòwò kékeré àti ọmọ kádì ṣe lè di ọmọ ẹgbẹ́.

Onitsha ní ohun tí ó lè fi dáhùn. Láti ọdún 1857, nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, dé ibẹ̀ pẹ̀lú John Christopher Taylor tí Obi Akazua, ọba ìlú náà, sì fún wọn láàyè láti dá ibùdó ìjọ sílẹ̀, ni àwọn ará ìlú yìí ti mọ bí a ṣe ń fi ilẹ̀ fún ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ kan pàtó. Ọjà wọn jóná nígbà ogun abẹ́lé tí ó jà láti 1967 sí 1970, wọ́n sì tún un kọ́. Nínú ọjà náà, àwọn tí ń ta irú ọjà kan náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Wọ́n ń dìbò yan olórí, wọ́n ń parí ìjà láàárín ara wọn, wọ́n sì ń san owó fún àwọn ọ̀dẹ tí ń ṣọ́ ọjà lóru. Káàkiri Ìpínlẹ̀ Anambra, ẹgbẹ́ ìlú, ìyẹn àjọ tí gbogbo ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi jọ wà nínú rẹ̀, ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn. Nígbà tí Willie Obiano jẹ́ gómìnà, láti 2014 sí 2022, ó fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní ₦20 mílíọ̀nù pé kí wọ́n fúnra wọn yan iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn Igbo náà sì ti ń gbé ìgbé ayé òwe yìí látijọ́. Ohun tí ó kù ni kí a gbé ìmọ̀ tí ó ń tọ́jú ọjà wá sórí koríko.

Òfin orílẹ̀-èdè sì ní ohun tí ó béèrè. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ni ó di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, ó sì lè gba ilẹ̀ padà bí àǹfààní ìlú bá béèrè fún un. Pápá tí kò ní ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ó péye jẹ́ pápá tí ẹnikẹ́ni tí ó bá súnmọ́ ìjọba lè pín sí púlọ́ọ̀tì. Bákan náà ni òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gba ẹgbẹ́ láàyè láti forúkọ àwọn alámòójútó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ilẹ̀ lè wà lórúkọ ẹgbẹ́ dípò orúkọ ènìyàn, kí ó má sì bá ẹni tí ó kú lọ sínú ogún. Òfin yìí kan náà kò gbà kí a pín èrè ẹgbẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Yàtọ̀ sí ìwé, àwọn aládùúgbò ni odi pápá. Ilẹ̀ Anambra wà lára ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ jù ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀gbun Agulu àti Nanka ti fi hàn, àkúnya odò Ọya sì bo ọ̀pọ̀ ilé ní Ogbaru ní ọdún 2012 àti 2022. Gbòǹgbò koríko a máa di ilẹ̀ mú, ilẹ̀ tí a kò da kankéré sí a sì máa mu omi òjò. Nítorí náà pápá tí a bá tọ́jú dáadáa ń ṣe gbogbo àdúgbò láǹfààní, títí kan ẹni tí kò ní di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú láéláé. Bí wọ́n bá ṣí i fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó kádì lásìkò, àdúgbò yóò mọ ìdí tí ó fi yẹ kí òun náà jà nígbà tí àwọn ajagungbalẹ̀ bá dé.

Lóòótọ́, ẹnì kan ṣoṣo náà lè dá pápá sílẹ̀: ní ìlú Ada, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Tunde Ponnle fi owó ara rẹ̀ kọ́ pápá gọ́ọ̀fù MicCom, èyí sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Olówó ẹyọ kan lè pinnu lónìí kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, èyí tí ìgbìmọ̀ kò lè ṣe, nítorí pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì dìbò. Ṣùgbọ́n ìfalẹ̀ yìí kan náà ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀ ìlú, bí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin díẹ̀ tí kò ṣòro: kí ipò kápútẹ́ẹ̀nì máa yí padà, kí ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ má dìbò nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí olùṣírò owó tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ yẹ ìwé wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì ka ìròyìn rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Òfin yìí kan ẹni tí ó bá fi owó ńlá ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ọpẹ́ tọ́ sí i, ìbò kan ṣoṣo ni ó sì ní.

Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn ìgbìmọ̀ pápá ìlú, ní Onitsha tàbí níbikíbi, kò ju èyí lọ: bí gbogbo àwọn tí ó wà nípò lónìí bá fi ipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ǹjẹ́ ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ṣí ìwé wọn, kí ó mọ ààlà ilẹ̀, iye owó tí ó kù, gbèsè tí ó wà àti ohun tí wọ́n ṣèlérí fún àdúgbò, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ? Ìgbìmọ̀ tí ó bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni ti di ilẹ̀ ìlú mú dáadáa. Èyí tí kò bá lè ṣe é gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà ní ìpàdé rẹ̀ tí ó ń bọ̀, kí ó tó ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò fi gé koríko.