Àrokò Inú Ẹ̀rọ: Bí Mo Ṣe Ń To Ohùn Ìlù Dùndún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ẹ̀rọ MIDI. Èsì mi kò gùn. Ìlù dùndún ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

Nínú ìsinmi tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì lọ gba ìlù bàbá onílù kan sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìṣáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú ni, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn akéwì kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máíkì tirẹ̀ àti ojú ìlà tirẹ̀, méje lápapọ̀. Oríkì bàbá tó bí onílù náà, tó ti di olóògbé, ni ìyáàlù ń kì, a kò sì tí ì gbà á sílẹ̀ níbòmíràn rí. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wa po àwọn ohùn náà pọ̀ gbé gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sókè bí ẹni ń ṣe orin òde ijó. Nígbà tí Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìlù ń dún, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá púpọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ra Korg nanoKONTROL2 àlòkù. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, ó ní ọ̀pá kéékèèké 8 tí a ń tì sókè-sódò, àti kókó 8 tí a ń yí. Máòsì kọ̀ǹpútà kò lè ti ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìlù kì í dúró de ara wọn. Pẹ̀lú ọ̀pá wọ̀nyí, ọwọ́ ọ̀tún mi lè gbé ìyáàlù sókè bí ọwọ́ òsì ti ń rẹ gúdúgúdú sílẹ̀. (Fader ni àwọn ará sítúdíò ń pe ọ̀pá náà. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ńbẹ!)

Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé ohùn kankan kì í gba inú MIDI kọjá. Àrokò gan-an ni. Ní 1983 ni àwọn tó ń ṣe dùrù oníná ní Amẹ́ríkà àti Jàpáànì, tí Dave Smith àti Ikutaro Kakehashi wà lára àwọn aṣáájú wọn, fẹnu kò lórí rẹ̀, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè gbọ́ èdè òmíràn. Bí mo bá ti ọ̀pá kan, nọ́ńbà lásán ni ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́, láti 0 dé 127. Bí ẹni tí a fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, owó ẹyọ lásán ló rí.

Kíkọ́ kọ̀ǹpútà ní ìtumọ̀ àrokò yìí ni gbogbo ìṣètò náà. Ableton Live ni mo lò. Mo so okùn USB, mo lọ sí ibi ìṣètò MIDI, mo tan Remote fún ẹ̀rọ náà. Mo wá tẹ MIDI lókè lápá ọ̀tún, gbogbo ohun tí a lè darí sì di aláwọ̀ búlúù. Mo tẹ ibi ìwọ̀n ohùn ìyáàlù, mo mi ọ̀pá kìíní. Wọ́n ti mọ ara wọn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún àwọn yòókù. Ọ̀pá kẹjọ ló ń darí àpapọ̀. Ti gúdúgúdú, mo dín òkè rẹ̀ kù nínú àkọsílẹ̀ ìsopọ̀, kó má lè ga kọjá ibẹ̀ bó ti wù kí ọwọ́ mi yá tó. Ọmọ ni, kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá lẹ́nu.

Ọ̀pá wọ̀nyí kò lè fúnra wọn rìn. Bí a bá ṣí iṣẹ́ àná, ibi tí ọ̀pá wà lábẹ́ ọwọ́ lè yàtọ̀ sí ti ojú kọ̀ǹpútà. Bí a bá fọwọ́ kàn án, ohùn á fò sókè lójijì. Mo yan Pick-Up ní Takeover Mode: ohùn kò ní yí títí ọ̀pá yóò fi kan ibi tí ti inú kọ̀ǹpútà wà.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, Bàbá ní àwọn fẹ́ kí kẹríkẹrì súnmọ́ ìyáàlù díẹ̀ sí i. Wọ́n na ọwọ́ fúnra wọn sí ọ̀pá kejì, wọ́n tì í, ohùn kò yí.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá, sà. Ẹ máa tì í lọ, ẹ ó pàdé rẹ̀ lọ́nà."

Wọ́n pàdé rẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò yẹn ni a fún ẹbí wọn. Òmíràn wà lọ́wọ́ mi fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ jókòó ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ ìlù náà.