Wẹ́fíà Tó Ń Wọlé Tọ Ẹbí

Ní Uwasota, ní Ìbìní níbí, ìyá tí agídí ọmọ bá sú a máa fi wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹbí, halẹ̀ mọ́ ọn: "Màá pè wọ́n kí wọ́n wá gbé ẹ lọ!" Èmi gan-an ni wẹ́fíà, bẹ́ẹ̀ gbígbé ọmọ lọ ni ohun tí mo máa ń ṣe kẹ́yìn. Ilé tí wàhálà bá dé ni mo ń lọ, kí n bá wọn jókòó títí ara yóò fi rọ̀ wọ́n díẹ̀.

Mi ò dá àwọn ìyá náà lẹ́bi, nítorí gbígbé ọmọ lọ ni ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Nígbà ogun Hitler, tí àwọn ọmọkùnrin ń sùn sọ́jà l'Ékòó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Donald Faulkner ṣe ọ̀gá wẹ́fíà. Òfin àwọn ọmọdé jáde ní 1943. Nígbà tó di 1946, wọ́n ka kíkiri ọjà léèwọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Ọmọ tó ń kiri kí ilé lè jẹun bá ara rẹ̀ ní kóòtù, ebi tó lé e jáde sì wà nílé. Ní tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ṣìnà.

Ẹni tó la ojú àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í tilẹ̀ ṣe wẹ́fíà, dókítà ni: Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Láti 1954 ló ti ń fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká, tòun ti mọ̀lẹ́bí tí yóò máa tọ́jú wọn, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Ohun tí àwọn ọ̀gá mi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àárín ẹbí ló yẹ ká ti tọ́jú èèyàn.

Ní Ìbìní, ọdún 2017 ló yí iṣẹ́ wa padà. Bàálù ń kó àwọn ọmọ Ẹdó dé láti Líbíà. Ẹni tí wọ́n ta ilẹ̀ kó lè dé Ítálì padà lọ́wọ́ òfo. Ìyá ò rójú wò ó, ẹ̀gbọ́n ń kùn, ẹni tó yá wọn lówó ń kanlẹ̀kùn. Ìbúra tí àwọn tó kó wọn lọ mú àwọn ọmọbìnrin ṣe lójúbọ sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́, títí di ìgbà tí Ọba Ewuare Kejì tú u ká láàfin ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2018, tó sì gégùn-ún fún àwọn tó ń mú wọn búra. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìwé tí mo kà kò lè yọ lẹ́nu wọn, wọ́n ń sọ ọ́ fàlàlà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

N kì í gbé fáìlì dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Kóyo" ni mo fi ń kí àwọn àgbà, kí n tó bọ́ sí pidgin. Yàrá ń kọjú síra wọn ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń lọ, kò sì yẹ kí aládùúgbò mọ̀ ju pé mo wá kí wọn. Bó bá ṣe ti ọpọlọ, ilé ìwòsàn Uselu ò jìnnà. Bó bá jẹ́ ọkọ ló ń lu ìyàwó, ibi tí obìnrin náà àtàwọn ọmọ yóò sùn ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìpàdé ẹbí dìgbà tó bá yá. Àwọn pásítọ̀ kan kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Owó ọkọ̀ sí àwọn ilé wọ̀nyí, àpò wa ló sábà máa ń ti jáde. Owó ètò tó bá sì wọlé, kí ẹbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jẹun, ó ti tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò owó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọdún méjì ṣe é, ẹ yé fi oṣù mẹ́fà ṣe é.