Ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin àwọn arúgbó ni mò ń gbọ́. Wọn ò parọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà ni mo ti mọ jáàsì tí wọ́n ń pè ní swing, nínú àwo orin tí Duke Ellington àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Newport, ní Amẹ́ríkà, lóṣù Keje ọdún 1956. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ayé ẹgbẹ́ olórin ńlá ti lọ. Paul Gonsalves gbé saxophone sẹ́nu, ìgbà 27 ni ó yí orin náà po láìsinmi. Obìnrin kan dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ijó. Kí a tó wí, èrò ti gba ijó lọ́wọ́ rẹ̀. Ká sọ òótọ́, ariwo wọn dùn mọ́ mi ju orin lọ.

Etí bàbá àgbà ti ń di báyìí. Ṣe ni wọ́n máa ń tẹ́ ọwọ́ lé sípíkà kí wọ́n lè fi ara mọ ìlù. Bàbá mi ní ká ta àwọn àwo náà, pé kí ni ẹni tí kò gbọ́ràn fẹ́ fi orin ṣe. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jókòó tì wá lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ bàbá wọn nígbà tí saxophone bá wọlé.