Ìbéèrè Tó Di Ẹgbẹ́ Ìkàwé

Ó ku díẹ̀ kí agogo méjì ọ̀sán lù. Àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ń fi wọ́ọ̀dù lé àwọn ti ọ̀sán lọ́wọ́. Ọmọ tuntun kan wà nínú àpótí ìmúmóoru, oṣù rẹ̀ kò pé, ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò méjì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ró aṣọ mọ́yà, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ló dé tí a kì í jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ báyìí sáyà títí ara rẹ̀ yóò fi le?" Mo dá a lóhùn láìronú pé, "Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú ọmọ ìkókó, mi ò sì mọ ìdí ohun tí mò ń ṣe. Ẹnu àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹnì kan ló sì kọ́ òun náà. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọwọ́ nínú iṣẹ́ wa. Ohun rere ni, nítorí ọwọ́ tó ti gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún abẹ́rẹ́ mọ ohun tí ìwé kò lè kọ tán. Àmọ́ bí ọwọ́ bá ń kọ́ ọwọ́ tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí, àṣìṣe pàápàá lè di ogún tí ìyá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ìtìjú òru ọjọ́ yẹn ló mú kí n dá ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní journal club sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa: kí a máa péjọ, kí a mú ìwé ìwádìí kan, kí a tú u palẹ̀, kí a sì bi ara wa bóyá ó yẹ kó yí ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe padà.

Àwọn oníṣègùn ti ń ṣe é tipẹ́. James Paget, gbajúgbajà oníṣẹ́ abẹ ní Ìlú Ọba, ròyìn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń péjọ ní ọ̀rúndún 19 sí yàrá kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì láti ka ìwé ìròyìn ìṣègùn. Ní ọdún 1875, William Osler dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì McGill ní Montreal. Owó ló fà á. Ìwé ìròyìn ìṣègùn wọ́n ju ohun tí ẹnì kan lè dá rà lọ, ni wọ́n bá jọ dáwó, wọ́n jọ ń rà á, wọ́n jọ ń kà á. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo ní, èsúsú mà nìyí!

Ìwé kò sì ṣàjèjì sí àwa nọ́ọ̀sì. Florence Nightingale tí a ń yà pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́ jókòó ka iye àwọn ọmọ ogun tó kú nígbà ogun Crimea, ó fi ikú kálukú sábẹ́ ohun tó fà á, ó sì yà á sórí ìwé kí ìjọba lè fojú rí i. Nílẹ̀ tiwa, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH n'Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, Yunifásítì Ìbàdàn sì dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọdún 1965. Ohun tó ṣọ̀wọ́n fún wa ni àkókò láti jọ kàwé, àti ìgboyà láti béèrè.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, a pé mọ́kànlá. Mo mú ìwé olójú ewé mẹ́rìnlá wá, mo fi wákàtí kan àbọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà kejì, a ku márùn-ún. Nígbà kẹta, èmi àti ẹnì kan ṣoṣo ni, òun náà sì ń tòògbé nítorí iṣẹ́ òru ló ti bọ̀. Inú bí mi, mo ní wọn ò fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń tòògbé yẹn ló là mí lójú. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀ ń kọ́ wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ìbéèrè tó wà nínú ìwé yẹn kì í ṣe tiwa."

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà, wọ́ọ̀dù ló ń bí ìbéèrè. A so ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá rú lójú a kọ ọ́ sínú rẹ̀. Ṣé ó yẹ kí a máa fi spírítì nu ìdodo ọmọ? Ṣé dandan ni kí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún má fẹnu kan omi láti òru mọ́jú? Wákàtí mélòó-mélòó ló yẹ kí a máa yí ẹni tí kò lè dìde padà lórí ibùsùn? Ìbéèrè kan ṣoṣo la ń mú lóṣù. Ẹni méjì, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, ni yóò wá ìwé ìwádìí lé e lórí, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù la ń pàdé, lágogo méjì, nígbà tí àwọn ti àárọ̀ kò tíì lọ tí àwọn ti ọ̀sán sì ti dé. A kì í kọjá ogójì ìṣẹ́jú, nítorí aláìsàn ń dúró.

Rírí ìwé gan-an kò nira bí a ti rò. Ètò Hinari tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 ń jẹ́ kí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ rí ìwé ìròyìn ìṣègùn kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ ló sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí PubMed Central.

Ìbéèrè ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì ọjọ́sí la fi bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun yìí. Ìwé tí a rí jáde nínú New England Journal of Medicine ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ibi márùn-ún ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà: New Delhi ní Íńdíà, Kumasi ní Gánà, Blantyre ní Màláwì, Dar es Salaam ní Tàǹsáníà, àti Ilé-Ifẹ̀. Bí a ti ka Ilé-Ifẹ̀ jáde, ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Ìbéèrè mẹ́rin la ń bi gbogbo ìwé. Àwọn wo ni wọ́n ṣe é fún? Kí ni wọ́n fi wé kí ni? Báwo ni ìyàtọ̀ rẹ̀ ṣe tó? Ṣé ibẹ̀ jọ ọ̀dọ̀ wa? Ọmọ 3,211 ni, ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti kílò 1, kò sì tó kílò 1.8. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín wọn sọ́nà méjì, kó má baà jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le ni wọ́n kó sápá kan. Ní apá kìíní, ìyá tàbí ẹlòmíràn nínú ẹbí gbé ọmọ sáyà, awọ kan awọ, kété lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Ní apá kejì, wọ́n dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, bí àwa náà ti ń ṣe. Nínú 100 àwọn tí wọ́n tètè gbé sáyà, 12 ló kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú 100 àwọn yòókù, 15.7 ni. Àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró ṣáájú àsìkò, nítorí àǹfààní rẹ̀ ti hàn.

Ẹnì kan ní ìyàtọ̀ náà kéré. Ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì yẹn kò sọ̀rọ̀. Ó mú bébà, ó ya àmì róbótó 100 sí i, ó fi bírò kun 16 nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka bo mẹ́rin. Ó ní, "Mẹ́rin yìí wà láyé."

Mátíróònù wa, tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ yìí, ń mi orí. A rò pé ó fẹ́ kọ̀ ọ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́. Ẹ bá mi wo ìwé yẹn dáadáa, ibo ni ìyá wà?" A tún ìwé ṣí. Ìyá àti ọmọ jọ wà nínú yàrá ìtọ́jú kan náà ni, ibùsùn ìyá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́jú òun náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 17 lójúmọ́ tí ọmọ fi ń wà láyà. Mátíróònù ní, "Èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ lánàá ńkọ́? Ṣé orí ìdúró ni yóò ti gbé e fún wákàtí 17?" Kò sí ìkankan nínú àwa tó wá ìwé náà tó ronú débẹ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí. Ọjọ́ náà ni mo tó rí i lójú ara mi, lórí ìwé tí Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ibí yìí ló le jù nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ bí èyí láàárín àwa Yorùbá. Ọmọdé tó bá bi àgbà ní "kí nìdí?" ní wọ́ọ̀dù lè gbọ́ "ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Òfin méjì la fi tún un ṣe. Ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà ló ń kẹ́yìn. Ìwé la sì ń bi ní ìbéèrè, a kì í bi ènìyàn. Ọmọdé lè wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìwé yìí ní ohun tí à ń ṣe kò ṣèrànwọ́," kò sì rí àgbà fín. Àgbà náà lè yí ọwọ́ padà, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé òun borí rẹ̀.

Ìwé mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹkún ló fi sílẹ̀ fún wa. Ní ọdún 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí aláìsàn kan bá lé lórí èyí tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, ewu pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yóò kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Aláìsàn mẹ́rin sí mẹ́jọ fún nọ́ọ̀sì kan ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ tí a kà á, nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún aláìsàn ogójì ní wọ́ọ̀dù kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa mẹ́ta sì ti japa lọ́dún náà. Lẹ́tà la kọ sí àwọn alákòóso, a fi ìwé náà tì í. Ẹnì kan péré ni wọ́n fi kún wa. Síbẹ̀, àròyé wa ti ní ẹ̀rí nídìí.

Ní ti gbígbé ọmọ sáyà, àga ìrọ̀gbọ̀kú mẹ́ta la kọ́kọ́ rí fún àwọn ìyá, ìjọ kan ra ọ̀kan, a dáwó ra méjì. Dókítà àgbà fọwọ́ sí i kí a bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọjọ́sí tó dúró lẹ́yìn gíláàsì ti lọ sílé nígbà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà, ọ̀já tó gbé wá láti ilé la fi so ọmọ mọ́ ọn. Ọ̀já tí à ń fi pọn ọmọ ni, a kàn yí i síwájú. Ọmọ náà dé fìlà, ó ká ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀."

Lóṣù tó kọjá, mo ń kọ ìròyìn iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bi ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì yẹn, tó ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní "mà" báyìí, ìdí tí a fi ń di ojú egbò kan bí a ti ń dì í. Mo gbé bírò dúró. Ó wo ọmọ náà lójú, ó ní, "Mi ò mọ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, Ọjọ́bọ̀ la máa kà á."