Ojú L'Ọ̀rọ̀ Wà: Fídíò Ìrìnàjò Wa sí Òkè Yìnyín

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ya fídíò rí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni kámẹ́rà ń rí.

Ọdún mẹ́ta léra ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta lọ ṣe eré síkì ní Breckenridge, ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà. Bí a bá kúrò ní Denver, ọ̀nà I-70 ni a ń tọ̀, a ó sì gba inú ihò Eisenhower, tí wọ́n ṣí ní 1973, kọjá lábẹ́ òkè. Ìlú náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9,600. Atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́ débi pé àlejò yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ kí ó tó rìn jìnnà. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni a ń so mọ́ bàtà, a ó sì fi yọ̀ gẹ̀rẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Àga tí wáyà ń fà ni yóò tún gbé wa gòkè. Yìnyín ni a ń pe ohun tí a ń yọ̀ lórí rẹ̀, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pè é ní òjò dídì. Yìnyín tí a mọ̀ nílé a máa ró lórí páánù bí òkúta. Ti ibẹ̀ a máa bọ́ jẹ́jẹ́ bí òwú.

Lẹ́yìn ìrìnàjò àkọ́kọ́, a fi díẹ̀ nínú fídíò náà ránṣẹ́ sí ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn. Ìbéèrè kan ni màmá bi í: "Ọmọ mi dà níbẹ̀?" Òjìji mẹ́rin ni wọ́n rí. Bí a ṣe ṣe kámẹ́rà ló fà á. Kámẹ́rà gbà pé ohun tó wà níwájú òun kò gbọdọ̀ funfun jù, kò sì gbọdọ̀ dúdú jù. Nígbà tí yìnyín bá kún ojú rẹ̀, yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Yìnyín á wá di aláwọ̀ eérú, ojú ènìyàn dúdú á sì sọnù pátápátá.

Láti ọdún kejì, a ń fi ọwọ́ ara wa fi kún ìmọ́lẹ̀ náà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà, kí ẹ sì fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ lọ sókè. Ẹ fi bátìrì kejì sínú àpò ẹ̀wù tó súnmọ́ ara, nítorí òtútù a máa sọ agbára bátìrì di aláìlera.

Wákàtí mẹ́fà ni fídíò ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń gé, mò ń rán, bí aránṣọ, títí ó fi ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibì kan ṣoṣo ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọdún kẹta, ọ̀rẹ́ mi ará Ìbàdàn ṣubú gbàlàjà, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó dìde. Ọ̀kan nínú wa ní kí n gé e kúrò, kí ọkàn màmá má baà dàrú. Èkejì rán wa létí Warren Miller, ẹni tí fíìmù síkì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1950, tó sì kú ní 2018: ìṣubú pọ̀ nínú fíìmù tirẹ̀, a sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún àwọn òǹwòran nínú gbọ̀ngàn.

Mo ní kí ẹni tó ṣubú fúnra rẹ̀ sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà nìyí tí ìyá mi ti rí mi kẹ́yìn. Fọ́tò ẹ̀rín nìkan ni mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn."

Ariwo afẹ́fẹ́ ti bo gbogbo ohùn ibẹ̀, nítorí náà a gba ohùn tuntun sílẹ̀ nínú yàrá. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tààrà: "Màmá, ẹ má fòyà. Ẹ ṣáà máa wò ó, mò ń dìde bọ̀." Lẹ́yìn náà ni ó ṣí akoto, ó bọ́ awò ojú, ó sì kọjú sí kámẹ́rà. Ojú rẹ̀ hàn kedere, yìnyín sì funfun báláú lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá pè ní ọjọ́ kejì. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìṣubú. Wọ́n ní: "Mo rí ojú rẹ. O ti rù. Kí ni o ń jẹ níbẹ̀?" Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ dá ìyá rẹ̀ lóhùn níta, níbi tí a kò ti lè gbọ́ wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ya àwọn ènìyàn yín, ẹ jẹ́ kí ojú wọn hàn. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà.