Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà kì í ṣe ẹrù

Nọ́ọ̀sì yín ní Àgọ́ Aláyè ló tún dé. A ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, a ti sọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ni mo gbé wá, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń wà á. Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀yin tí à ń jókòó sẹ́yìn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Bí ojú àgbàlagbà kan kò bá ríwèé mọ́, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kà á sí wọn létí.

Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, ọmọ àdúgbò wa kan gun máṣíìnì ńlá wálé láti Èkó. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní pawa báìkì ni, tó ń bú bí ẹni pé ẹkùn wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ kí àwọn ẹbí ní Orè, gbogbo wa dúró, à ń wò wọ́n. Ọmọkùnrin náà kò kọ́kọ́ tan máṣíìnì. Akoto ló kọ́kọ́ gbé lé ìyàwó rẹ̀ lórí, ó so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó fà á wò bóyá ó le. Ó fi ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé hàn án. Ó ní, "Bí mo bá tẹ̀ sápá kan, bá mi tẹ̀ síbẹ̀, má ta kò mí. Di ìbàdí mi mú. Bí o bá fẹ́ kí n dúró, gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ojú ogun ni wọ́n ń lọ ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gun ọ̀kadà, láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ọlọ́kadà kan tó kọ́ mi rí bí mo ṣe máa jókòó. Èmi náà kò sì béèrè rí.

Ẹ má rò pé mò ń yin máṣíìnì eré o. Ìjókòó ẹni ẹ̀yìn lórí rẹ̀ kéré, ó ga, nǹkan téèyàn lè dì mú kò sì tó nǹkan. Bí èèyàn kejì bá gùn ún, ó máa ń gba ọ̀nà tó gùn díẹ̀ sí i kó tó dúró bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Ìdí tí ọmọkùnrin náà fi ní láti kọ́ ìyàwó rẹ̀ nìyẹn: ó mọ̀ pé ara ẹni tó wà lẹ́yìn wà nínú bí máṣíìnì ṣe ń rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí ọ̀kadà tiwa, pàápàá lójú ọ̀nà káǹpù, níbi tí kòtò pọ̀ ju ilẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rántí ibi tí orúkọ yẹn ti wá? Okada Air ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Ìlú Okada tó sọ ọ́ lórúkọ kò jìnnà sí wa, ọ̀nà Orè sí Benin kan náà yìí lèèyàn ń gbà débẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọn kì í gbéra láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún gbogbo èrò pé kí wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n á sì fi bí wọ́n ṣe ń dè é hàn wọ́n. A gba orúkọ náà fún máṣíìnì wa, a fi ìkìlọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rín mi kú.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní Ìyá Alákàrà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ àwọn ni. Lọ́jọ́ kan lásìkò òjò, wọ́n wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kadà tó ń dúró dè wọ́n ti gbé èèyàn kan tẹ́lẹ̀. Ìyá jókòó sẹ́yìn onítọ̀hún, wọ́n kó ẹsẹ̀ méjèèjì sápá kan, báàgì wà lórí itan, ọwọ́ kan di agboòrùn mú. Ìborùn tí wọ́n fi kọ́ ọrùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn.

Mo rí i. Mo rí etí ìborùn yẹn tó ń kan táyà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró dè mí nínú ilé pọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá tó tó bí mi lọ́mọ ni, mo ní kí ni mo fẹ́ máa kọ́ wọn nípa ìjókòó. Mo kàn ní, "Ẹ máa rọra o, Mà, ẹ kílé." Mo wọlé.

Wọn kò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti yà tí táyà fi fa ìborùn náà. Aṣọ fà wọ́n lọ́rùn, ó gbé wọn sánlẹ̀, ẹ̀yìn orí ni wọ́n fi balẹ̀. Àwọn èèyàn sáré gbé wọn. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tilẹ̀ ń sìpẹ̀ fún ọlọ́kadà tí wọ́n fẹ́ lù. Ẹ̀jẹ̀ kò dà. Gbogbo èèyàn ní Ọlọ́run ṣeun. Wọ́n bu omi tútù sí wọn lórí, wọ́n sìn wọ́n délé pé kí wọ́n lọ sùn. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ fún wa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kò jìnnà rárá.

Lálẹ́, ọmọ wọn obìnrin fẹ́ jí wọn kí wọ́n wá jẹun. Wọn kò jí dáadáa. Wọ́n bì, wọ́n tún bì. Ọ̀rọ̀ wọn ń wọ́ lẹ́nu. Ọmọ náà pè mí. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ọmọlójú kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Ara mi tutù. A wá mọ́tò lóru, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣàn sínú agbárí láti ọ̀sán, tó ń fún ọpọlọ mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wọn kò gbé nǹkan mọ́. Ọmọ ló ń bá wọn po ẹ̀wà báyìí.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo sọ fún wọn pé mo rí ìborùn yẹn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, nu ojú ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí o bá rí i, pariwo."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mò ń pariwo.

*Aṣọ.* Kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ wo gbogbo ohun tó ń fẹ́ lára yín: ìborùn, ìró, híjáàbù gígùn, etí agbádá, ọ̀já ọmọ. Ẹ kó o síwájú, ẹ so ó, kí ẹ sì jókòó lé èyí tó kù. Ṣéènì àti táyà kò mọ àgbà.

*Ìjókòó.* Ẹ má ṣe kó ẹsẹ̀ méjèèjì sápá kan. Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn ìyá wa láti ya ẹsẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, kò sẹ́ni tí yóò rí nǹkan kan. Ẹni tó ya ẹsẹ̀ sí méjì, tó gbé ẹsẹ̀ lé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, tó sì di ìbàdí ọlọ́kadà tàbí irin ẹ̀yìn mú, kì í tètè fò dànù bí ọ̀kadà bá bọ́ sí kòtò.

*Ẹsẹ̀.* Apá òsì ni kí ẹ ti máa gùn ún, kí ẹ sì ti máa sọ̀ kalẹ̀. Apá ọ̀tún ni sálẹ́ńsà wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa. Àpá tó wà ní ojúgun ọ̀tún ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú yìí, òun ló ṣe é, tèmi náà wà níbẹ̀. Bí ó bá jó yín, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin adìyẹ. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó wá bá wa lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí egbò ẹsẹ̀ tirẹ̀ kì í tètè jinná.

*Ọwọ́.* Ọwọ́ tó di agboòrùn, fóònù tàbí ọpọ́n mú kò lè di nǹkan mìíràn mú. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró kó dá.

*Iye èèyàn.* Èrò kan péré ni ọ̀kadà ń gbé. Bí èèyàn bá ti wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ, òmíràn ń bọ̀. Ọlọ́kadà tí ojú rẹ̀ pọ́n tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń rùn fún parágà, ẹ má gùn ún. Èyí tó bá fẹ́ gba òdì ọ̀nà lójú títì ńlá Èkó sí Benin, ẹ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ó le kú, ìjà Orè. Ogun 1967 ló bí ọ̀rọ̀ yẹn. Lónìí, pẹ̀lú tírélà ni ìjà Orè.

*Ọmọ ọwọ́.* Òtítọ́ ni kí n sọ: kò sí ibi tó dára fún ọmọ ọwọ́ lórí ọ̀kadà. Bí ẹ bá pọ̀n ọ́n tí ẹ sì ṣubú sẹ́yìn, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé e síwájú ọlọ́kadà, òun ni yóò kọ́kọ́ gba ohun tí wọ́n bá kọlù. Ọjọ́ àjẹsára kì í sá lọ. Bí ẹ bá lè rí mọ́tò tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ dúró dè é, kí ìyá méjì mẹ́ta sì dáwó jọ wọ̀ ọ́.

*Aboyún.* Ìṣubú kékeré lè mú kí ibi ọmọ ya kúrò lára ilé ọmọ. Bí aboyún bá ṣubú, kódà bí kò bá dùn ún, kí ó wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí ikùn bá le gbagidi, tàbí bí ọmọ kò bá mira bí ti tẹ́lẹ̀, kí ó má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Láti oṣù keje ni kí ẹ ti gba nọ́ńbà ẹni tó ní mọ́tò sílẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀kadà ni yóò gbé yín lóru ìrọbí.

*Akoto.* Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí mú ọlọ́kadà àti èrò tí kò bá dé e. Ẹ rántí bí àwọn kan ṣe dé igbá àti ìkòkò lórí nígbà yẹn, àti bí àwọn èrò ṣe ń bẹ̀rù pé wọ́n ti fi oògùn sínú akoto. Ẹ̀rín ni a fi ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí jọ láti oríṣiríṣi ìlú ní 2008, wọ́n rí i pé akoto ń dín ikú kù ní nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí 69. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù làpálàpá tàbí oògùn, ẹ ra tiyín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ń dá àjọ, ẹ lè máa fi rà á fún ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì so okùn rẹ̀. Akoto tí a kò so, fìlà ni.

*Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú.* Ẹ má fún un lómi mu bí kò bá mọ ibi tó wà. Ẹ má ṣe há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn. Ọrùn tó ti sán lè ṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà mọ́lẹ̀, ẹ wá mọ́tò, kí ẹ gbé e ní títọ́ láì yí ọrùn rẹ̀. Nọ́ńbà 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìwòsàn tí wọ́n dìídì kọ́ fún irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà Làjẹ́ nílùú Oǹdó.

Ẹni tó bá sì fi orí balẹ̀, bó tilẹ̀ ń rìn, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mú un wá. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ó bá ń bì, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí oorun rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, bí gìrì bá mú un, bí apá kan ara bá ń kú, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde ní etí tàbí imú, ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dà síta nìkan ló ń pa èèyàn.

Ẹ̀yin àgbà, mo fi ẹ̀bẹ̀ kan parí ọ̀rọ̀ mi. Bí ọmọdé bá pè yín lójú títì pé, "Mà, aṣọ yín ń kan táyà," ẹ má sọ pé ó rí yín fín. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ kúnlẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ìyá Alákàrà kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.

Nọ́ọ̀sì yín ni.