Odò, Ọjà àti Afárá ní Odawna

Ẹ̀bá odò Odaw ni Odawna wà, nítòsí oríta Kwame Nkrumah ní ìlú Accra. Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀: omi tó ń wá ọ̀nà dé ọ̀sà Korle, ọkọ̀ tó ń wá ọ̀nà kọjá, àti ọlọ́jà tó ń wá ibi tí èrò pọ̀ sí. Àṣà àwọn tó ń ya àwòrán ìlú ni láti máa tún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Òkúdu, ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀, omi sì gba gbogbo àdúgbò. Àwọn tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà sá sábẹ́ òrùlé ilé epo kan. Epo tú jáde, ó léfòó lórí omi, iná sì ràn án. Ó lé ní 150 ènìyàn tí omi àti iná pa. Ta ló rò ó tẹ́lẹ̀ pé ilé epo ni ẹni tó ń retí ọkọ̀ yóò fi ṣe ibi ìsádi?

Nínú oṣù kan náà ni wọ́n wó ilé àwọn tálákà létí odò ní Old Fadama. Òótọ́ ni pé ilé ń dí omi lọ́nà. Àmọ́ yẹ̀pẹ̀ àti pàǹtírí tó kún inú Odaw ń ti òkè odò wá pẹ̀lú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n wó ilé wọn. Ní 2016, wọ́n ṣí afárá alájà mẹ́ta ní oríta náà. Ó tu àwọn awakọ̀ lára, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́jà fi pàtẹ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lé wọn, wọ́n padà.

Èyí kò lè ya Yorùbá lẹ́nu, ẹni tí ọjà ọba rẹ̀ máa ń wà níwájú ààfin gan-an. Accra pàápàá ti fi àṣẹ tú ọlọ́jà ká rí: ní oṣù Bélú 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò ló fi ìsọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń rajà kò tìtorí ìyẹn kúrò nílùú.

Ní 2019, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò lórí odò Odaw àti àwọn àdúgbò tó yí i ká. Ètò náà sàn ju afárá lásán lọ, nítorí ó so omi pọ̀ mọ́ pàǹtírí àti ilé. Ọjà ló kù: ìsọ̀ tó ga ju ilẹ̀ lọ, òrùlé tí èrò lè sá sí, ibi ìdalẹ̀ tí wọ́n ń kó kí òjò tó dé. Ẹni tó ń tajà ní Odawna mọ ibi tí omi ti ń kọ́kọ́ wọlé. Ó yẹ kí wọ́n bi í kí wọ́n tó pe agbaṣẹ́ṣe.